Ọmọ Tó Ń Sọ Bọ́ọ̀lù Ní Ìgàndò

Bọ́ọ̀lù kò ní í bẹ̀rẹ̀ títí di agogo mẹ́rin, ṣùgbọ́n ọmọkùnrin tí yóò sọ ọ́ lórí máìkì ti wà lórí pápá láti agogo méjì. Pápá ilé-ẹ̀kọ́ kan ni, ní Ìgàndò, níbi tí ìdíje àdúgbò ti ń wáyé lọ́jọ́ Sátidé. Iyanrìn ibẹ̀ ju koríko lọ. Ọmọ ọdún 22 ni ọmọkùnrin náà, ó mú ìwé kékeré lọ́wọ́, ó ń ti ọ̀dọ̀ agbábọ́ọ̀lù kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ èkejì, ó ń kọ orúkọ, ìnagijẹ, nọ́ńbà àti ẹsẹ̀ tí kálukú fi ń gbá bọ́ọ̀lù.

Mo sún mọ́ ọn. Nọ́ńbà 10 méjì wà nínú ẹgbẹ́ aláṣọ búlúù, torí kálukú ló ra ẹ̀wù tirẹ̀ lọ́jà Ìkòtún. Ó kọ "bàtà pupa" síwájú ọ̀kan, ó kọ "bàtà funfun" síwájú èkejì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá ṣi orúkọ pè, ìyá ọmọ náà wà níbí. Á bá mi jà."

Agogo mẹ́rin kọjá díẹ̀ kí réfìrì tó fun fèrè. Sípíkà méjì wà lórí bẹ́ǹṣì, jẹ́nẹ́rétọ̀ ń bú lẹ́yìn wọn, ọmọ náà sì gun orí tábìlì kí ojú rẹ̀ lè ga ju orí èrò lọ. Ibi tí bọ́ọ̀lù wà ló ń kọ́kọ́ sọ, kó tó kan ẹni tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀: "Apá òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Bàtà Pupa ló ni ín. Ó wòkè, ó ta á sáàárín!" Kò pẹ́ tó fi ń tún iye góòlù sọ, torí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé.

Mo jáde sẹ́yìn ògiri, níbi tí ìyá oníbọ̀ọ̀lì kan ti ń yí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lórí iná. Kò rí pápá rárá. Mo bi í pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Àwọn wo ló ń borí?" Kò gbójú sókè. "Àwọn búlúù ni, ẹyọ kan sí òdo. Ṣùgbọ́n aṣọ́lé wọn ò dúró ire." Mo padà wọlé, mo wo aṣọ́lé náà dáadáa. Òótọ́ ni obìnrin náà sọ.

Iṣẹ́ kọ́mẹ́ńtétọ̀ nìyẹn. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1980, tí Nàìjíríà na Algeria ní 3–0 ní Sùúrùlérè láti gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà, Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ti ju góòlù kìíní sáwọ̀n ní ìṣẹ́jú kejì. Ilé tí kò ní tẹlifíṣọ̀n nígbà náà, etí ni wọ́n fi ń wo bọ́ọ̀lù. Ernest Okonkwo ti Radio Nigeria ni ọ̀gá àwọn tó ń sọ ọ́ láyé ìgbà yẹn. Òun ló sọ Ọdẹ́gbàmí ní "Mathematical", tó pe Christian Chukwu ní "Chairman", tó sì pe Adokie Amiesimaka, tó kọ́ ìmọ̀ òfin, ní "Chief Justice". Okonkwo kú ní 1990. Àwọn orúkọ náà kò kú. Ìnagijẹ tí ọmọ Ìgàndò ń kọ sínú ìwé rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀ wá.

Ní ìlàjì kejì, ọmọ náà kígbe góòlù, pápá dìde, àṣé àsíá amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ réfìrì ti lọ sókè: ọ́fúsáìdì. Àwọn èrò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá kan tó ti ṣiṣẹ́ rédíò rí sún mọ́ tábìlì náà. "Ọwọ́ réfìrì ni kí o kọ́kọ́ wò, kí o tó la ẹnu." "Ẹ ṣé, sà," ni ọmọ náà dáhùn, ó sì padà sídìí máìkì.

Nígbà tí eré parí, wọ́n fún un ní owó tí kò ju owó mọ́tò lọ. Ohun tó ń lé wà nínú fóònù rẹ̀: gbogbo eré náà ló gbà sílẹ̀. Yóò gé ibi tó dùn jù, yóò fi ránṣẹ́ sí àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò. Ó dárúkọ Radio Lagos ní Agídíǹgbí, àti Brila FM tó ń sọ̀rọ̀ eré ìdárayá láti 2002. Bí owó bá wọlé, ó fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ nílé-ẹ̀kọ́ Radio Nigeria ní Ṣógúnlè.

Ìkànìyàn 2006 ka èèyàn 1,277,714 ní Alímọ̀ṣọ́, ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìgàndò wà nínú rẹ̀. Bọ́ọ̀lù àdúgbò pọ̀ níbẹ̀, láti Ẹgbẹ́dá dé Ìkòtún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣètò ìdíje wọ̀nyí, ẹ fún ẹni tó ń sọ bọ́ọ̀lù ní ibi gíga tó lè dúró sí, ẹ fi orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí i kí ọjọ́ tó pé, kí ẹ sì sanwó iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹ ṣe ń san ti réfìrì.