Ẹ̀jẹ̀ Tí A Dá Dúró: Kí Ni Dókítà Ń Pè Ní Ischaemia?

Ọ̀rọ̀ ìlera ni a mú wá lóṣù yìí. Bí ara bàbá tàbí ìyá ẹni kò bá yá, dókítà lè kọ "cerebral ischaemia" sínú ìwé. Ọ̀pọ̀ wa á kàn ká ìwé náà sápò ni. Ẹ jẹ́ kí a tú ọ̀rọ̀ yìí wò, nítorí pé ìtumọ̀ rẹ̀ lè gba ẹ̀mí là.

Èdè Gíríìkì ni ischaemia ti wá. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n so pọ̀: ọ̀kan ni kí a dá nǹkan dúró, èkejì ni ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí a dá dúró, òun náà nìyẹn. Cerebral wá láti inú èdè Látìn, ọpọlọ ló ń tọ́ka sí.

Ẹ wá gbọ́ o: ohun rere ni ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ níbẹ̀rẹ̀. Oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ ojú ọgbẹ́ dúró ni àwọn Gíríìkì àtijọ́ ń fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ pè. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni dókítà ará Jámánì kan, Rudolf Virchow, wá ń fi í pe ẹ̀jẹ̀ tí kò tó ibi tó yẹ kó dé nínú ara. Òun náà ló ṣàlàyé bí ẹ̀jẹ̀ dídì ṣe ń já níbìkan, tí á bá ẹ̀jẹ̀ lọ dí ọ̀nà níbòmíràn.

Àwa Yorùbá ń pe àìsàn tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ní rọpárọsẹ̀. Ohun tí ojú rí lóde ni orúkọ tiwa sọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ni tiwọn sọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rọpárọsẹ̀ ló jẹ́ ischaemia. Nígbà mìíràn, iṣan ẹ̀jẹ̀ ló bẹ́ nínú ọpọlọ.

Kí ló dé tí ọpọlọ kò lè fara da á? Nínú ìwọ̀n ara 100, ọpọlọ kò ju bíi 2 lọ, ṣùgbọ́n nínú ẹ̀jẹ̀ 100 tí ọkàn ń tú jáde, ó ń gba tó 15 sí 20. Àwa tí à ń pe ara wa ní alájẹṣẹ́kù, à ń jẹ, à ń ṣẹ́ kù. Ọpọlọ kì í ṣe alájẹṣẹ́kù o! Ohun tó bá dé ló ń jẹ tán. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé rárá á bẹ̀rẹ̀ sí í kú láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ̀jẹ̀ kàn dín kù, ebi ló ń pa á, kò tíì kú. Ibẹ̀ ni dókítà ń sáré gbà là.

Èyí tó ń tan ọlọ́jà jẹ ni oríṣi kan tó ń wá, tó sì ń lọ. Ọwọ́ á ṣàdédé kú tipiri nídìí igbá, ẹnu á wọ́, ọ̀rọ̀ á ṣòro sọ. Kó tó pẹ́, gbogbo rẹ̀ á lọ. Onítọ̀hún á ní, "Àárẹ̀ lásán ni," á tún padà sídìí ọjà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Èyí tó burú jù lè wà lẹ́yìn rẹ̀, àní láàrin ọjọ́ méjì.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ wo aago, kí ẹ sì gbé ẹni náà lọ sílé ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fún un lágbo, ẹ má fún un ní aspirin kí wọ́n tó ya àwòrán orí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé iṣan ló bẹ́, aspirin lè dá kún un. Abẹ́rẹ́ tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì wà, ṣùgbọ́n láàrin wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ni wọ́n sábà máa ń fún ni.

Kó má bàa dé bẹ́ẹ̀, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà wò, kí ẹ sì jáwọ́ nínú sìgá. Gbèsè owó, a lè bẹ ẹgbẹ́ kí wọ́n sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú. Gbèsè ẹ̀jẹ̀ tí a jẹ ọpọlọ, kò gba ẹ̀bẹ̀. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ wa o.