Norway Ń Dáwó, Àmọ́ Kì Í Dìbò

Tí wọ́n bá ti dárúkọ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní kíláàsì Government, ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń rò pé gbogbo orílẹ̀-èdè Yúróòpù ló wà níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Norway ò sí níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti bi àwọn aráàlú léèrè bóyá kí wọ́n wọlé, ní ọdún 1972 àti 1994, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n sì dìbò kọ̀. Ti 1994 ò tiẹ̀ jìnnà síra: nínú ọgọ́rùn-ún olùdìbò, bíi 52 ló ní rárá. Àwọn apẹja àti àgbẹ̀ wà lára àwọn tó kọ̀ jù, torí wọn ò fẹ́ kí ẹlòmíì máa pàṣẹ lórí omi àti oko wọn.

Síbẹ̀, tó bá di ọ̀rọ̀ ààbò, ṣe ni Norway ń sún mọ́ Àjọ náà sí i. Ẹ wo máàpù, ẹ ó rí ìdí rẹ̀. Lókè pátápátá níhà àríwá, Norway àti Rọ́ṣíà jọ pààlà, ààlà ọ̀hún sì tó nǹkan bí 200 kìlómítà. Kò jìnnà síbẹ̀, lọ́dọ̀ Rọ́ṣíà, ni wọ́n ń kó àwọn ọkọ̀ ogun abẹ́ omi tó ń gbé ohun ìjà átọ́míìkì sí. Gbogbo èèyàn Norway ò sì tó mílíọ̀nù mẹ́fà.

Ẹnì kan lè ní, ṣebí Norway wà nínú NATO? Bẹ́ẹ̀ ni, ó tiẹ̀ wà lára àwọn 12 tó dá a sílẹ̀ ní 1949. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù náà ní àdéhùn tiwọn, pé bí wọ́n bá gbógun ti ọ̀kan, àwọn yòókù á ràn án lọ́wọ́. Àdéhùn yẹn ò kan Norway.

Ọ̀rọ̀ gáàsì ló wá jẹ́ kó le. Lẹ́yìn tí Rọ́ṣíà ya wọ Ukraine ní oṣù Kejì ọdún 2022, Norway ló di ẹni tó ń ta gáàsì jù fún Àjọ náà. Inú páìpù tó gba ìsàlẹ̀ òkun ni èyí tó pọ̀ jù ń gbà lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, nǹkan bú gbàmù lára páìpù Nord Stream, tó ti Rọ́ṣíà lọ sí Jámánì. Ọjọ́ kejì gan-an ni wọ́n ṣí páìpù tuntun tí gáàsì Norway máa gbà dé Poland. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: ta ló fẹ́ dá nìkan ṣọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lábẹ́ omi?

Torí náà ni Norway fi ń ṣe bí ọmọ ilé. Nígbà tí àwọn ajalèlókun ń da ọkọ̀ láàmú létí Somalia, ó fi ọkọ̀ ogun rẹ̀, Fridtjof Nansen, ránṣẹ́ sí ikọ̀ Àjọ náà ní 2009. Ó ń dáwó sínú àpò tí wọ́n fi ń ṣèwádìí ohun ìjà tuntun. Èrè wà níbẹ̀ fún òun náà o, ká má parọ́: ilé iṣẹ́ Kongsberg, tí ìjọba Norway ní ìdajì rẹ̀, ń ṣe ohun ìjà, kò sì fẹ́ kí wọ́n tilẹ̀kùn ọjà mọ́ òun.

Àwọn àgbà ní wọn kì í fárí lẹ́yìn olórí. Lójú tèmi, ohun tí wọ́n ń ṣe fún Norway gan-an nìyẹn, àmọ́ òun ló kọ̀ láti wọlé. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn ààbò tuntun pẹ̀lú rẹ̀, pé àwọn á jọ máa fikùn lukùn. Ó dáa, ṣùgbọ́n ìbò ò sí nínú rẹ̀.

Àwọn aládùúgbò rẹ̀ ti wọlé tán. Finland wọ NATO ní 2023, Sweden tẹ̀ lé e ní 2024. Àwọn méjèèjì sì ti wà nínú Àjọ náà láti 1995. Denmark, tó ti fọgbọ́n yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ ológun Àjọ náà tipẹ́, dìbò ní oṣù Kẹfà 2022 pé òun ti ṣe tán. Norway àti Iceland ló kù lẹ́nu ọ̀nà. Bí wọ́n bá pè wọ́n sí ìpàdé, wọ́n á sọ tẹnu wọn; tó bá di ìbò, àwọn onílé ló kù.