Àgbàlá tí a fi Àpáàdì Tẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀

Bí ìkòkò bá fọ́, àwókù rẹ̀ ni à ń pè ní àpáàdì. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, kò wúlò ju kí a fi kó ẹyin iná lọ. Ṣùgbọ́n ní Ilé-Ifẹ̀, láti nǹkan bí ọdún 1100 sí 1400, àpáàdì ni wọ́n fi ń tẹ́ àgbàlá, ojúbọ àti ojú ọ̀nà.

Ní ilẹ̀ mìíràn, òkúta yanrìn ni wọ́n ń lò fún irú iṣẹ́ yìí, nítorí pé ó máa ń là ní ìpele-ìpele. Òkúta líle tí ó pọ̀ ní Ifẹ̀ kò rọrùn láti là bẹ́ẹ̀. Amọ̀ ni wọ́n ní, wọ́n sì mọ iṣẹ́ ìkòkò dunjú.

Wọn kì í tẹ́ àpáàdì sílẹ̀ gbalaja. Ìnàró ni wọ́n ń tò ó sínú ilẹ̀, tí etí rẹ̀ nìkan yóò hàn lókè. Nígbà mìíràn, wọn a tò ó ní ìlà gbọọrọ. Nígbà mìíràn, ìlà kan a dà sí ọ̀tún, èkejì a dà sí òsì, bí ewé imọ̀ ọ̀pẹ. Wọn a tún fi òkúta wẹ́wẹ́ funfun ṣe ọ̀ṣọ́ sí i.

Ọgbọ́n ńlá ni èyí. Àpáàdì tí a tẹ́ gbalaja yóò fọ́ bí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́. Èyí tí ó wà ní ìnàró lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn tí ó yí i ká sì dì í mú ṣinṣin. Ẹrẹ̀ kò ní sí níbẹ̀, ọ̀gbàrá kò sì ní wọ́ ilẹ̀ lọ. Ìtàn àwọn àgbà sọ pé Lúwo, obìnrin tí ó jẹ Ọọ̀ni, ni ó pàṣẹ iṣẹ́ yìí kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà kan ẹrẹ̀.

Àwọn awalẹ̀pìtàn rí irú àgbàlá bẹ́ẹ̀ ní Ìta Yemòó láti ọdún 1957. Púpọ̀ nínú wọn kò jìn sí òkè ilẹ̀. Ọkọ́ ẹni tí ń wa ìpìlẹ̀ ilé lè bà á jẹ́ ní ìṣẹ́jú kan. Bí a bá tilẹ̀ ṣa àpáàdì náà jọ, ètò tí wọ́n fi tò ó ti parẹ́, òun gan-an sì ni ìtàn tí à ń wá. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá kàn án nínú ilẹ̀ ní láti dá ọkọ́ dúró, kí ó sì ké sí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé.