Ṣé Ọ̀tá Ni Alátakò?

Nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn bá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà "àtakò," ìjà ni ó máa ń wá sí wọn lọ́kàn. Bí wọ́n bá ní lágbájá jẹ́ alátakò ìjọba, àwọn kan á gbà lójú ẹsẹ̀ pé ìṣubú ìlú ni ó ń wá. Ṣùgbọ́n ṣé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà rí láti ìpilẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò.

Ibi Tí Ọ̀rọ̀ Náà Ti Wá

Inú èdè Látìn ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti rí ọ̀rọ̀ wọn, "opposition." Ọ̀rọ̀ Látìn méjì ni a so pọ̀: "ob," ìyẹn níwájú tàbí ní ìdojúkọ, àti "ponere," ìyẹn láti gbé nǹkan kalẹ̀. Nítorí náà, kí á gbé ohun kan kalẹ̀ kí ó kọjú sí òmíràn ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Ní òpin ọ̀rúndún kẹrìnlá, ọ̀rọ̀ nípa ojú ọ̀run ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fi í sọ. Wọ́n ń lò ó nígbà tí òṣùpá bá wà ní òdìkejì oòrùn, tí ayé sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Alẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ni òṣùpá máa ń ràn mọ́jú. Kò bá oòrùn jà. Nítorí pé ó kọjú sí oòrùn ni gbogbo ojú rẹ̀ fi mọ́lẹ̀ sí wa.

Ìwé Mímọ́ pẹ̀lú ní àpẹẹrẹ kan. Nínú Númérì orí 22, áńgẹ́lì Olúwa dúró lójú ọ̀nà láti dènà Báláámù. Ọ̀rọ̀ Hébérù tí a lò níbẹ̀ fún iṣẹ́ tí áńgẹ́lì náà wá ṣe ni "sátánì," tó túmọ̀ sí alátakò. Àtakò yẹn ni ó la Báláámù lójú pé ọ̀nà tí òun ń tọ̀ kò tọ́.

Bí Ó Ṣe Wọ Inú Ìṣèlú

Ní ọdún 1826, John Cam Hobhouse sọ̀rọ̀ nípa "Alátakò Ọba" ní Ilé Aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀rín ni àwọn tó gbọ́ ọ fi sí. Síbẹ̀, orúkọ náà dúró. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé èèyàn lè ta ko ìjọba láìjẹ́ ọ̀tá ọba tàbí ti ìlú. Nígbà tó di ọdún 1937, òfin fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa san owó oṣù fún Olórí Ẹgbẹ́ Alátakò láti inú àpò ìjọba.

Ètò yìí ni Nàìjíríà bá wọ òmìnira ní ọdún 1960, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sì jẹ́ Olórí Ẹgbẹ́ Alátakò ní Ilé Aṣòfin l'Ékòó. Kò pẹ́ tí nǹkan fi dàrú. Ní May 25, 1962, igun méjì nínú ẹgbẹ́ Action Group kọlu ara wọn ní Ilé Aṣòfin n'Íbàdàn. Àga ni wọ́n ń jù dípò ọ̀rọ̀, títí àwọn ọlọ́pàá fi yin tajútajú. Ní ọdún 1963, wọ́n fi Awólọ́wọ̀ sẹ́wọ̀n lórí ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ sí ìjọba. Lẹ́yìn ìdìbò ọdún 1965, wọ́n ń da epo bẹntiróòlù sí ilé àti ara èèyàn, wọ́n sì ń dáná sun wọ́n. Ní January 1966, àwọn ológun gba ìjọba. Nígbà tí a sọ alátakò di ọ̀tá, gbogbo ilé ni ó jó.

Ẹ̀kọ́ Wo Ni A Rí Kọ́?

Èdè wa fúnra rẹ̀ ya ọ̀tá sọ́tọ̀ kúrò lára alátakò. Ẹni méjì tó ń ta ayò á jókòó kọjú síra wọn, ilé mẹ́fà níhìn-ín, ilé mẹ́fà lọ́hùn-ún. Bí ẹnì kejì bá dìde, ayò ti parí nìyẹn. Àwọn àgbà sì ní, agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni.

Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo àtakò ni ó dára. Àwọn kan ń ta koni nítorí ìlara tàbí nítorí ipò. Nítorí náà, kí a tó bínú sí ẹni tó dúró ní òdìkejì wa, yálà nínú ìlú tàbí nínú ilé, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ara wa pé: Kí ni ó rí láti ibi tí ó dúró sí, tí àwa kò lè rí láti ibi tí a wà?