ÀPÁ ÌSẸ̀LẸ̀ ÀTIJỌ́ LÁRA ÒKÚTA: LÁTI ÒKÈ LATO NÍ TÓGÒ DÉ ILẸ̀ KÀBBÀ

1. Ìfáárà

Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ ṣe ni láti ṣàlàyé bí ìsẹ̀lẹ̀ tí ó ti ṣẹ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ṣe lè fi àpá sílẹ̀ lára òkúta, àti ibi tí ó yẹ kí a ti wá irú àpá bẹ́ẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Òkúta tí ó yí Kàbbà ká àti òkúta òkè Lato ní Tógò jẹ́ ọmọ ìṣẹ̀lẹ̀ ńlá kan náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí wọ́n lè jẹ́ kò dọ́gba. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí lè máa wá ẹ̀rí níbi tí kò lè sí, ó sì lè gba ohun tí kì í ṣe ẹ̀rí bí ẹni pé ẹ̀rí ni.

2. Bí ilẹ̀ ṣe ń rì sábẹ́ ilẹ̀

Èèpo ayé kì í ṣe odidi kan. Ó pín sí abala-abala, àwọn abala wọ̀nyí sì ń rìn díẹ̀díẹ̀, ìwọ̀nba sẹ̀ńtímítà díẹ̀ lọ́dún. Níbi tí méjì bá ti pàdé, èyí tí ó wúwo jù a máa rì sábẹ́ èkejì. Èyí ni a ó máa pè ní ìrìsábẹ́ nínú iṣẹ́ yìí. Ìrìn náà kì í lọ geere. Ojú ibi tí abala méjèèjì ti fara kanra a máa há. Agbára a máa kó jọ síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Nígbà tí ó bá sì já lójijì, ilẹ̀ a sẹ̀. Irú èyí ni ìsẹ̀lẹ̀ Chile ní 1960, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 9.5, àti ti Japan ní 2011.

Òkúta tí ó bá rì bẹ́ẹ̀ kò ní wà bí ó ti wà. Ooru àti ìtẹ̀ a pa á lára dà. Òkúta dúdú ìsàlẹ̀ òkun a di eclogite, nínú èyí tí hóró gánẹ́ẹ̀tì pupa wà láàárín àlùmọ́nì mìíràn tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé. Bí ó bá rì tó nǹkan bí 100 kìlómítà, kúọ́tìsì inú rẹ̀ a di coesite. Nítorí náà, bí a bá rí coesite nínú irú òkúta yìí, a mọ̀ pé ó ti dé ọ̀gbun bẹ́ẹ̀ rí kí ó tó padà wá sókè.

3. Oríṣi àpá mẹ́ta

Èkínní ni èyí tí a ń pè ní pseudotachylyte. S. J. Shand ni ó fún un ní orúkọ yìí ní 1916, nígbà tí ó ń ṣe ìwádìí òkúta Vredefort ní Gúúsù Áfíríkà. Ní 1975, R. H. Sibson ṣàlàyé bí ìsẹ̀lẹ̀ ṣe ń dá a sílẹ̀. Nígbà tí ẹ̀là ilẹ̀ bá yọ̀ lójijì, tí ìhà kan ń fi eré tó mítà kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan gbo èkejì, ooru ìgbora náà a yọ́ òkúta. Ohun tí ó yọ́ yìí a wọ inú gbogbo sáńsán tí ó wà nítòsí, a sì tún dì kíákíá. Ohun tí ó kù ni ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́, tí ẹ̀ka rẹ̀ ya wọ ara òkúta lọ́tùn-ún lósì. Ní Bergen, ní Nọ́wè, Håkon Austrheim àti T. M. Boundy fi hàn ní 1994 pé irú ìlà bẹ́ẹ̀ wà tí ó dì ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ jíjìn, níbi tí eclogite ti ń dá.

Èkejì ni gánẹ́ẹ̀tì tí ó fọ́ tí ó sì tún jinná. Gánẹ́ẹ̀tì le púpọ̀. Kì í fọ́ wẹ́wẹ́ láìnídìí. Ní Monviso, ní Ítálì, a rí eclogite tí ó fọ́ yángá-yángá nígbà tí ó ṣì wà lábẹ́ ilẹ̀, tí àlùmọ́nì ọ̀gbun sì tún lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Samuel Angiboust àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dábàá ní 2012 pé ìsẹ̀lẹ̀ ni ó fọ́ ọ. Ìdí tí àbá yìí fi wúwo ni pé, ní irú ọ̀gbun bẹ́ẹ̀, ohun tí a retí ni pé kí òkúta máa fà bí ẹ̀kọ tí ó ń dì, kì í ṣe kí ó fọ́.

Ẹ̀kẹta ni òrùka inú gánẹ́ẹ̀tì. Hóró gánẹ́ẹ̀tì a máa dàgbà láti inú wá sí ìta, gẹ́gẹ́ bí igi ṣe ń fi òrùka kún òrùka. Nínú òkúta Kalifóníà, Daniel Viete àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i ní 2018 pé hóró náà dàgbà, ó yọ́ díẹ̀, ó tún dàgbà, bẹ́ẹ̀ léraléra. Wọ́n kà á sí pé ìtẹ̀ ni ó ń pọ̀ tí ó ń dín, bí agbára ṣe ń kó jọ ṣáájú ìsẹ̀lẹ̀ tí ó sì ń tú lẹ́yìn rẹ̀. Oríṣi kìíní jẹ́rìí sí ìsẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo. Èyí jẹ́rìí sí àwọn tí ó tẹ̀ lé ara wọn.

4. Òkè Lato àti ilẹ̀ Kàbbà

Ní 1964, W. Q. Kennedy pe ìgbóná ńlá tí ó kan òkúta Áfíríkà ní nǹkan bí mílíọ̀nù 500 ọdún sẹ́yìn ní Pan-African. Àwọn kan rò nígbà náà pé ooru lásán ni. Kevin Burke, tí ó kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn, àti John Dewey wà lára àwọn tí ó sọ pé ìkọlù abala ilẹ̀ ni ó fà á. Ní 1994, Renaud Caby ròyìn coesite láti Gourma ní Málì. Ní 2014, Carlos Ganade àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi òkúta Málì, ti òkè Lato ní Tógò, àti ti àríwá ìlà oòrùn Bùràsíìlì wé ara wọn. Wọ́n rí i pé láàárín 20 mílíọ̀nù ọdún ni ìrìsábẹ́ jíjìn ṣẹlẹ̀ káàkiri ibi tí ó gùn tó 2,500 kìlómítà, ní nǹkan bí mílíọ̀nù 610 ọdún sẹ́yìn.

Ojú oríkèé náà ṣì hàn lónìí. Ó gba òkè Kabyè kọjá, ó gba òkè Agou, tí ó ga jù ní Tógò, ó sì dé òkè Shai ní Gánà. Ìtòsí ìlà yìí ni Atakpamé wà, níbi tí àwọn Ìfẹ̀ tí wọ́n ń sọ ẹ̀ka èdè Yorùbá ń gbé.

Abala ti ìwọ̀ oòrùn ni ó rì; abala tí Nàìjíríà wà lórí rẹ̀ ni ó wà lókè. Níbí ni ọ̀rọ̀ Kàbbà ti yàtọ̀. Kàbbà jìnnà sí oríkèé náà ní ohun tí ó lé ní 500 kìlómítà, lórí abala tí kò rì. Ooru ìkọlù dé ibẹ̀ ní tirẹ̀. Òkúta onílà dúdú àti funfun tí ó wọ́pọ̀ ní agbègbè náà jẹ́ èyí tí ooru ti yọ́ lápá kan. Mábù Obàjànà àti ti Jakura, ní ìhà Lọ́kọ́jà, jẹ́ ẹfun ìsàlẹ̀ òkun tẹ́lẹ̀ kí ooru tó pa á dà.

Ohun méjì ni èyí kọ́ni. Àkọ́kọ́, kò yẹ kí a wá àpá ìsẹ̀lẹ̀ ìrìsábẹ́ ìgbà náà nínú òkúta Kàbbà. Ojú oríkèé ni ilé rẹ̀. Èkejì, níbi tí òkúta bá ti yọ́, àpá tí ó ti wà níbẹ̀ ṣáájú ti pòórá. Nítorí náà, bí a bá rí ìlà dúdú lára òkúta Kàbbà, ìbéèrè tí ó yẹ ni pé: ṣé ó gé àwọn ìlà ìyọ́ náà kọjá? Ṣé ẹ̀ka rẹ̀ ya láti ojú ẹ̀là tí ó yọ̀? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ìsẹ̀lẹ̀ tí ó ṣẹ̀ lẹ́yìn ìyọ́ náà ni ó lè fà á. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ òkúta yíyọ́ mìíràn tí ó gba àárín kọjá lásán.

5. Ohun tí ó kàn wá nínú rẹ̀

Kò sí ìrìsábẹ́ kankan ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà lónìí. Síbẹ̀, ọgbẹ́ a máa jinná, àpá rẹ̀ kì í parẹ́. Ibi àpá sì lè tún ya. Òkè Akwapim, tí ó jẹ́ etí ìlà òkè àtijọ́ yìí, wà nítòsí Accra, níbi tí ilẹ̀ ti sẹ̀ ní ọjọ́ 22 oṣù Òkúdù, 1939, tí ó wó ilé tí ó sì pa ènìyàn. Ní Nàìjíríà, ilẹ̀ mì ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1984, ní apá gúúsù ìwọ̀ oòrùn ní 2009, àti ní Mpape ní Àbújá ní 2018. Àwọn wọ̀nyí kéré, ṣùgbọ́n wọ́n tó láti fi hàn pé òkúta líle kò túmọ̀ sí pé ilẹ̀ kò lè mì.

6. Ìkádìí

A ti rí i pé ìlà dúdú, gánẹ́ẹ̀tì fífọ́ àti òrùka gánẹ́ẹ̀tì ni ẹ̀rí mẹ́ta tí òkúta ń jẹ́ nípa ìsẹ̀lẹ̀ àtijọ́. A sì ti rí i pé ibi tí òkúta wà nígbà ìkọlù ni ó ń sọ irú ẹ̀rí tí ó lè jẹ́. Òkè Lato lè sọ nípa ọ̀gbun. Kàbbà lè sọ nípa ooru, àti nípa ẹ̀là tí ó yọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Irú ẹ̀là bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ sàmì sí lórí àwòrán ilẹ̀ kí a tó mọ ìsédò tàbí ilé gíga sórí rẹ̀, kí àwọn tí ń fọ́ òkúta fún títì tó fọ́ ẹ̀rí rẹ̀ dànù.