Ipò Ẹ̀rí nínú Ìtàn Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́: Olùwádìí Tí Kì Í Ṣe Ọlọ́pàá

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú iṣẹ́ yìí ni olùwádìí tí kì í ṣe ọlọ́pàá, tí kì í sì í gbowó iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó máa ń pe gbogbo olùwádìí inú ìtàn ní ọlọ́pàá. Bẹ́ẹ̀, bí a kò bá mọ àṣẹ tí olùwádìí ní, a kò lè mọ ìdí tí ó fi gba ọ̀nà tí ó gbà.

Sinimá Gẹ̀ẹ́sì kan, Murder, She Said, tí George Pollock darí ní 1961, fi èyí hàn kedere. Ìwé tí Agatha Christie tẹ̀ jáde ní 1957 ni wọ́n gbé e kà. Margaret Rutherford ni ó ṣe Miss Marple, ìyá àgbà kan tí kò lọ́kọ. Ó wà nínú ọkọ̀ ojú irin nígbà tí òmíràn ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Aṣọ fèrèsé ọkọ̀ kejì ká sókè, ìyá sì rí ọkùnrin kan tí ó ń fún obìnrin lọ́rùn. Àwọn ọlọ́pàá wá òkú, wọn kò rí i. Wọ́n ní àlá ni ìyá lá. Ìyá kò láṣẹ láti tú ilé onílé. Ó wá lọ gba iṣẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ nínú ilé ńlá kan lẹ́bàá ojú irin. Ó ń gbá bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù kiri ọgbà bí ẹni ń ṣeré, òkú ni ó ń wá.

Nínú ìwé tiwa, Lápàdé inú Àjà Ló Lẹrù (1969) àti Àgbàlagbà Akàn (1971) ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ti ṣe ọlọ́pàá rí: ọgbọ́n iṣẹ́ kù, àṣẹ ti lọ. Ní ti Akin Olúṣínà tí Kọ́lá Akínlàdé dá, ìwádìí gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀, Túndé Atọ́pinpin sì ni igbákejì rẹ̀. Ipò mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyí.

Báwo ni a ó ṣe fi kọ́ni? Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ro ó pé wọ́n jí ìdì aṣọ ní Ọjà'ba. Ta ni yóò wádìí rẹ̀ láìsí ẹni tí yóò fura? Ó lè jẹ́ ìyá ẹlẹ́kọ ẹnu ọ̀nà agbo ilé kan ní ìsàlẹ̀ Màpó. Ẹni tí ó máa ń ra ẹ̀kọ mẹ́rin láràárọ̀ dédé ra mẹ́jọ: ta ni ó fi pamọ́ sí yàrá? Ẹ̀rí nìyẹn, àṣẹ ìjọba kọ́ ni ó mú un wá.

Ó kan ìdánwò pẹ̀lú. Bí ìbéèrè bá jẹ́ “Ta ni ó pa á?” nìkan, ẹni tí kò ṣí ìwé rí lè gbọ́ orúkọ apànìyàn lẹ́nu ẹlòmíràn, kí ó sì gba máàkì kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó ka ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyànjẹ ni. Àbá wa ni pé, nínú máàkì mẹ́wàá, kí orúkọ ọ̀daràn gba méjì péré. Kí mẹ́jọ tí ó kù jẹ́ ti ẹ̀rí: ohun tí olùwádìí rí, ọ̀nà tí ó gbà rí i, àti bí ẹ̀rí kan ṣe fà á dé ìdí èkejì.