Ṣé O Mọ̀? Ahọ́n Màlúù Sísun ti Ìlú Sendai

Ṣé o mọ̀ pé ní ilẹ̀ Japan, níbi tí òfin ọba ti kọ́kọ́ de jíjẹ ẹran màlúù ní ọdún 675, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì fẹ́ fi í kan ẹnu títí ìròyìn fi kàn ní 1872 pé Ọba Meiji fúnra rẹ̀ ti jẹ ẹ́, ahọ́n màlúù ni ìlú Sendai fi ń yangàn lónìí? A kì í perí akọni ká má fidà lalẹ̀: Sano Keishirō, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú alásun, tí ó dá ilé oúnjẹ Tasuke sílẹ̀, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á níbẹ̀ ní 1948, nígbà tí ara ìlú kò tí ì bọ́ nínú ìyà Ogun Àgbáyé Kejì.

Wọn a bó awọ líle ara ahọ́n náà, wọn a gé e nípọn, wọn a fi ọ̀bẹ là á lójú kí eyín lè rí i rún, wọn a fi iyọ̀ pa á, wọn a sì fi í sílẹ̀ kí iyọ̀ lè wọ̀ ọ́ dénú, kí wọ́n tó gbé e lé orí ẹyin iná èédú, níbi tí etí rẹ̀ yóò ti pọ́n, tí ọ̀rá rẹ̀ yóò sì máa kán tó, tó, tó sínú iná. Ìrẹsì tí a sè pọ̀ mọ́ ọkà báálì, ewébẹ̀ oníyọ̀, ata tútù inú míso (ẹ̀wà sóyà kíkan oníyọ̀) àti omi ọbẹ̀ ìrù màlúù ni wọ́n ń gbé tì í. Omi ọbẹ̀ yẹn, lójú tèmi, ni adé orí oúnjẹ náà.

Bí ilé oúnjẹ tí ń ta irú ahọ́n sísun bẹ́ẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí nítòsí rẹ, òǹkàwé mi ọ̀wọ́n, jókòó níbi tí o ti lè máa wo alásun, kí o sì jẹ ẹ́ kí ó tó tutù.